Mẹ́fà Tó Jẹ́ Òfo

Ṣọ́ọ̀bù náà kò fẹ̀ ju yàrá kan lọ. Ó kọjú sí títì tó lọ sí ọgbà ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbáńjọ ní Ìbógun, eruku pupa sì ti kun pẹpẹ ìsàlẹ̀ débi pé gbogbo páálí oògùn tó wà níbẹ̀ ti di aláwọ̀ kan náà. Pẹpẹ òkè ló mọ́. Láràárọ̀, kó tó tan rédíò, obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù a máa fi àkísà tútù nù ún láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Oògùn ikọ́ wà lápá òsì, oògùn ibà wà lápá ọ̀tún. Láàárín wọn ni ike bọ́tà ńlá kan wà tí wọ́n ti bó bébà ara rẹ̀ kúrò. Kápúsù ló kún inú rẹ̀, ẹyọ ẹyọ, tí wọ́n ti já kúrò nínú páálí: ìdajì pupa, ìdajì yẹ́lò. Kò sí orúkọ lára ike yìí, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè orúkọ. Pupa-àti-yẹ́lò ni gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí. Tetracycline ni.

Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ kò tíì lù nígbà tí bíríkílà kan dé, sìmẹ́ǹtì gbígbẹ ṣì wà láàárín ìka ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀ mà, Dókítà.”

“Káàárọ̀ o. Kí ló dé tí ojú rẹ rí báyìí?”

“Inú ló ń yọ mí lẹ́nu, mà. Àtàná ni mo ti ń ya ìgbẹ́ gbuuru. Ẹ bá mi wá pupa-àti-yẹ́lò.”

“Ṣé ẹ̀jẹ̀ wà nínú ẹ̀?”

“Rárá o, mà.”

Ó ṣí ike, ó ka mẹ́rin sínú ọ̀rá funfun pẹlẹbẹ kan, ó fi Flagyl méjì kún un, ó so ó ní kókó. Méjì báyìí, méjì lálẹ́. Bíríkílà fi eyín já píọ́ wọ́tà kan, ó gbé méjì mì lójú wa níbẹ̀, ó nu ẹnu, ó sanwó, ó lọ. Gbogbo ẹ̀ kò gba tó àkókò tí èèyàn fi ń po ẹ̀bà.

Ìwé kan wà lórí káńtà. Mo rò pé ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ oògùn tí wọ́n bá tà sí. Mo yọjú wò ó. Orúkọ àwọn tó jẹ gbèsè ló kún ibẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí pe obìnrin yìí ní ọ̀daràn. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, ojú mi ló ṣe tó kọ̀ láti ta oògùn fún ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ ń mí hẹlẹhẹlẹ. Òun fúnra rẹ̀ ló pe ọlọ́kadà tó gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìfọ̀, òun ló sì yá wọn lówó ọkọ̀. Ó mọ ibi tí agbára òun mọ. Ó tún mọ̀ pé omi, iyọ̀ àti ṣúgà ni ọ̀pọ̀ ìgbẹ́ gbuuru ń fẹ́, kì í ṣe kápúsù. Ṣùgbọ́n bíríkílà kò wá ra iyọ̀ àti ṣúgà. Bó bá ní kó lọ ṣe àyẹ̀wò ìgbẹ́, ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ni èsì máa gbà, owó iṣẹ́ òòjọ́ ọjọ́ mẹ́ta á sì lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù kejì ò jìnnà, ike irú èyí náà sì wà níbẹ̀.

Kápúsù mẹ́rin nìyẹn, wọ́n ti wọ inú ayé. Bí wọ́n bá mú kòkòrò tó wà nínú ìfun ọkùnrin yẹn, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Bí wọn ò bá mú un, tí wọ́n kàn pa àwọn aláìlágbára tí wọ́n fi àwọn olóríkunkun sílẹ̀ láti bí sí i, kò sẹ́ni tó máa mọ ìyẹn náà.

Ẹni tó bá fẹ́ rí ibi tí wọ́n ti ń mọ̀ ọ́n, á kúrò ní Ìbógun. Èmi rí i nínú láàbù ilé ìwòsàn ńlá kan ní ìpínlẹ̀ Ògùn yìí náà, níbi tí wọ́n gbà mí láyè láti jókòó sórí àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ẹ fojú inú wo ẹ̀kọ mímu tí wọ́n dà sínú àwo pẹlẹbẹ, tó tutù, tó dì, àmọ́ tó mọ́ gaara débi pé èèyàn lè gbé e lé ìwé kó sì ka ohun tó wà nísàlẹ̀. Oúnjẹ kòkòrò nìyẹn; àgà ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á fi òwú orí igi fa kòkòrò tó jáde nínú ìtọ̀ aláìsàn ká gbogbo ojú rẹ̀, bí ẹni ń fi ọ̀dà kun ògiri: lóòró, níbùú, ní dídábùú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi ẹ̀mú gbé bébà róbótó kéékèèké lé e, márùn-ún lójú àwo kan, oògùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú bébà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á dojú àwo náà délẹ̀, wọ́n á tì í sínú ẹ̀rọ tó ń móoru níwọ̀n 35 °C di ọjọ́ kejì. Bí iná bá lọ láàárín òru tí jẹnẹrétọ̀ kò sì tètè dáhùn, iṣẹ́ di àtúnṣe. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sọ fún mi pé òun ti mọ ohùn jẹnẹrétọ̀ ilé ìwòsàn náà ju ohùn ìyàwó òun lọ. Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ kejì ni ìdájọ́. Níbi tí oògùn kò ti ran kòkòrò, kòkòrò á hù bo ojú àgà, funfun bí ìrì orí gíláàsì. Níbi tí oògùn bá ti mú un, ojú àgà á mọ́ ní róbótó yí bébà náà ká, bí ìgbà tí òṣùpá bá wọ agbo. Agbo yìí ni wọ́n ń fi rúlà wọ̀n. Rúlà lásán ni o, irú èyí tí ọmọ ilé ìwé ń mú lọ síbi ìdánwò. Ọ̀dọ́kùnrin náà gbé àwo lé aṣọ dúdú, ó darí iná tábìlì sí i láti ẹ̀gbẹ́, ó tẹ̀ ba títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan án.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má mí sí i.”

Mo fà sẹ́yìn.

Ó ń wọ̀n, ó ń pe nọ́ńbà sókè bí ẹni ń ka tẹ́tẹ́. Meropenem, 28. Gentamicin, 19. Ceftriaxone, 14. Ó dé orí cipro, ó dákẹ́ díẹ̀. Mo bojú wò ó láti èjìká rẹ̀: kò sí agbo kankan níbẹ̀. Kòkòrò ti hù dé etí bébà náà gan-an, bí koríko tó hù dé ẹsẹ̀ ògiri.

“Òdo lẹ máa kọ síbẹ̀ nìyẹn?”

“Rárá, sà. Mẹ́fà.”

Bébà náà fúnra rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 6. Bí agbo kò bá sí, ìbú bébà ni wọ́n ń kọ sílẹ̀. Nínú láàbù, mẹ́fà lorúkọ tí òfo ń jẹ́. Fún irú kòkòrò inú ìfun bí E. coli, agbo cipro gbọ́dọ̀ tó 26 kí wọ́n tó sọ pé oògùn náà mú un. Láti 21 wálẹ̀, oògùn kò ràn án. Ó kọ mẹ́fà náà sínú ìwé, ó fà á nílà lábẹ́. Bébà tetracycline wà ní ìsàlẹ̀ àwo, lápá ibi tí iná kò tàn dé dáadáa. Òun náà, mẹ́fà.

Kọ̀ǹpútà tó wà ní igun yàrá ti pẹ́ láyé; lẹ́tà E ti pa rẹ́ lára bọ́tìnnì rẹ̀. Ètò orí kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní WHONET ló wà lójú rẹ̀. Kò rẹwà. Àpótí funfun tẹ̀ lé àpótí funfun lórí ilẹ̀ aláwọ̀ eérú, bíi fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fún èèyàn ní báǹkì. Ọ̀dọ́kùnrin náà tẹ ọjọ́ orí aláìsàn, ó tẹ wọ́ọ̀dù tó wà, ó tẹ “ur” fún ìtọ̀, ó tẹ “eco” fún orúkọ kòkòrò. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ nọ́ńbà rúlà sínú àpótí oògùn kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó tẹ 6 síwájú CIP, lẹ́tà R jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Oògùn kò ràn án.

John Stelling àti Thomas O'Brien ló dá ètò yìí sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn Brigham and Women's ní Boston, láti 1989. Ọ̀fẹ́ ni, orílẹ̀-èdè tó lé ní 100 ló ń lò ó, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì kó tó ṣiṣẹ́, èyí tó jẹ́ kó bá ilẹ̀ wa mu ju ọ̀pọ̀ nǹkan aláràbarà tí wọ́n ń gbé wá bá wa lọ. Ṣùgbọ́n ohun tó wọ̀ mí lójú jù ni pé nọ́ńbà ló ń tọ́jú, kì í ṣe ìdájọ́ nìkan. Ní 2019, àwọn tó ń ṣe òfin ìwọ̀n yìí ní Amẹ́ríkà yí ti cipro padà: agbo 23 tí wọ́n ń pè ní “oògùn mú un” tẹ́lẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Láàbù tó kọ 23 sílẹ̀ lè padà lọ tún àkọsílẹ̀ ọdún márùn-ún ṣèdájọ́ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Èyí tó kọ “ó mú un” nìkan ti sọ ẹ̀rí nù, kò sì sí bó ṣe máa wá a rí, nítorí wọ́n ti sun àwo ọ̀hún tipẹ́.

WHONET tún lè kíyè sí ohun tí ojú kan ṣoṣo kò lè rí: ọmọ ìkókó mẹ́ta ní wọ́ọ̀dù kan náà, láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tí kòkòrò ara wọn ní nọ́ńbà tó jọra. Nọ́ọ̀sì tó gba iṣẹ́ ní àárọ̀ kò mọ ti ẹni tó gba iṣẹ́ ní òru, ṣùgbọ́n ètò náà mọ ti àwọn méjèèjì.

Láti ibẹ̀ ni àkọsílẹ̀ ti ń rìnrìn àjò. Àjọ tó ń dènà àrùn ní Nàìjíríà, NCDC, ló ń kó ti àwọn láàbù tó wà nínú ètò rẹ̀ jọ ní Àbújá. Ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn láàbù àgbà tí wọ́n ń kó kòkòrò tó bá rúni lójú lọ bá. Àjọ Ìlera Àgbáyé dá GLASS sílẹ̀ ní 2015 láti máa gba irú àkọsílẹ̀ yìí lọ́wọ́ àwọn orílẹ̀-èdè. Nàìjíríà wọlé ní 2017, ọdún kan náà tí ìjọba gbé ètò ìgbésẹ̀ rẹ̀ lórí kòkòrò tí oògùn kò ràn jáde. Ẹnikẹ́ni tó bá ní fóònù lè wo àwòrán tí GLASS ń yà. Ìròyìn tí wọ́n gbé jáde ní October 2025 sọ pé nínú àrùn kòkòrò mẹ́fà tí láàbù rí lágbàáyé ní 2023, oògùn kò ran ọ̀kan. Ní Áfíríkà, ọ̀kan nínú márùn-ún ni.

Àwòrán tó dùn mí wò jù ni Microreact. Mo ṣí i lórí fóònù lálẹ́, ní ilé tí mo wọ̀ sí ní Ìbógun, níbi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti ń wá tó ń lọ bí àlejò tí kò pinnu bóyá òun máa sùn. Apá kan ojú fóònù jẹ́ àwòrán ilẹ̀. Apá kejì jẹ́ igi tí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, gbòǹgbò lápá òsì, ẹ̀ka lápá ọ̀tún, àmì róbótó aláwọ̀ oríṣiríṣi lórí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Àmì kọ̀ọ̀kan jẹ́ kòkòrò kan tí wọ́n ti ka àbùdá ara rẹ̀ tán pátá. Àwọn tó wà lórí ẹ̀ka kan náà jẹ́ ọmọ ìyá. Tí èèyàn bá fọwọ́ kan ẹ̀ka, àwòrán ilẹ̀ á fi ìlú tí àwọn ọmọ ìyá náà wà hàn. Iṣẹ́ ọwọ́ David Aanensen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn náà ló ṣe Pathogenwatch tó ń sọ irú àbùdá tí kòkòrò fi ń kọ oògùn. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Iruka Okeke àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lo méjèèjì nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2021 lórí Klebsiella láti àwọn ilé ìwòsàn ilẹ̀ Yorùbá, kòkòrò tó máa ń bá àwọn ọmọ ìkókó àti aláìsàn tó ti rẹ̀ jà.

Mo fi ìka méjì fẹ àwòrán ilẹ̀ náà. Àmì jókòó lé Ìbàdàn. Mo fà á sísàlẹ̀, mo wá Abẹ́òkúta, mo wá Ìfọ̀, mo tẹ̀ lé ojú irin tó ti Ìfọ̀ kọjá. Ìbógun kò sí níbẹ̀. Ìlú tí olórí orílẹ̀-èdè ti jáde lẹ́ẹ̀mejì, ìgbà ológun àti ìgbà alágbádá, ẹnì kan náà! Ìlú tí kò sí awakọ̀ kan ní Ìfọ̀ tí kò mọ ọ̀nà rẹ̀. Òfo ni, àwọ̀ ewé ilẹ̀ lásán.

Èèyàn lè wo òfo yẹn kó rò pé ibẹ̀ mọ́, kó rò pé kòkòrò olóríkunkun kò tíì dé abúlé. Irọ́ ni. Orí òrùlé ilé ìwòsàn ni àmì ń jókòó, kì í jókòó lórí ilé aláìsàn. Bí bíríkílà Ìbógun bá ṣàìsàn dójú ikú tí wọ́n gbé e dé Abẹ́òkúta tàbí Ṣágámù, tí láàbù ibẹ̀ sì wà nínú ètò NCDC, Abẹ́òkúta tàbí Ṣágámù ni àmì rẹ̀ á bọ́ sí. Kó tó débẹ̀, ó ti gbé pupa-àti-yẹ́lò mì, ó ti fi Ampiclox lé e, wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́ kan tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Tí wọ́n bá wá fa ìtọ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sórí àgà, ó lè jẹ́ pé nǹkan kan kò hù, nítorí oògùn ṣì wà lára. Bí nǹkan bá hù, àwọn tó la gbogbo oògùn yẹn kọjá láìkú nìyẹn. Àwòrán náà kò parọ́. Ṣùgbọ́n àwọn jagunjagun tó ṣẹ́gun nìkan ló ń rí yà.

Ẹ̀rí wà pé kòkòrò tí oògùn kò ràn wà lára àwọn tí kò ṣàìsàn rárá pàápàá. Ní Ilé-Ifẹ̀, Okeke yìí kan náà pẹ̀lú àwọn olùkọ́ àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àyẹ̀wò E. coli 758 tí wọ́n gbà láti inú ìgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, láti 1986 sí 1998. Oògùn mẹ́rin ni wọ́n tẹnu mọ́: tetracycline, ampicillin, chloramphenicol àti streptomycin. Ní 1986, kòkòrò tí wọn kò ràn jẹ́ láti ìdá 9 sí 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní 1998, ó ti di láti ìdá 56 sí 100. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ara wọn le ni o, tí wọ́n ń lọ sí kíláàsì, tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù. Mo rántí èyí lọ́jọ́ kejì nígbà tí ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ jáde láti ọgbà yunifásítì, tó dúró níwájú káńtà pẹ̀lú ìwé ìdánwò lábẹ́ abíyá, tó ra Ampiclox mẹ́ta nítorí ọ̀fun tó ń dùn ún. Mẹ́ta péré. Ó ní tó bá di ọ̀la tí kò bá lọ, òun á padà wá.

N kò tíì sọ ti adìyẹ. Gbogbo agbègbè Ìfọ̀ ló kún fún oko adìyẹ ẹlẹ́yin, oògùn tí wọ́n sì ń pò mọ́ omi mímu wọn jẹ́ ẹbí èyí tó wà nínú ike bọ́tà: oxytetracycline, àti enrofloxacin tó máa ń di cipro nínú ara ẹran. Ìgbẹ́ adìyẹ yìí làwọn àgbẹ̀ ń rà láti fi sí ẹ̀fọ́. Ìyẹn tó fún ìwé mìíràn.

Ní ọjọ́ tí mo ń padà lọ, mo gba ọ̀nà Mówè. Ẹni tó bá mọ Mówè àti Ìbafò mọ̀ pé kò sí òpópónà tí kò ní láàbù aládàáni kan tàbí méjì: pátákó aláwọ̀ ewé, àwòrán ẹ̀rọ awò-kòkòrò lára rẹ̀, “Malaria, Typhoid, Hepatitis” lábẹ́. Àyẹ̀wò táífọ́ọ̀dù tí wọ́n ń pè ní Wídà (Widal) ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń wá ṣe níbẹ̀, èyí tí kì í sọ oògùn tó máa mú kòkòrò. Ṣùgbọ́n àwọn kan lára wọn ń hu kòkòrò lóòótọ́, wọ́n ń gbé bébà lé àgà, wọ́n sì ń kọ èsì sínú rẹ́jísítà ńlá ẹlẹ́yìn pupa. Ìlú tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún dé etí Èkó ń tọ̀ sínú ike fún wọn lójoojúmọ́. Àwọn èèyàn Ìbógun tó bá lówó ọkọ̀ náà ń wá síbẹ̀.

Mo ra ẹ̀pà sísun lójú ọ̀nà yẹn. Ojú ewé rẹ́jísítà láàbù kan ni wọ́n fi dì í. Wọ́n ti ya apá ibi tí orúkọ wà dànù, bóyá Ọlọ́run ló yọ aláìsàn náà. Ohun tó kù ni orúkọ oògùn láti òkè dé ìsàlẹ̀, àti àmì tí wọ́n fi síwájú wọn: +, ++, +++. Kò sí nọ́ńbà kan. Mo wá ibi tí wọ́n kọ cipro sí, mo rí i. Iwájú rẹ̀ ṣófo. Bóyá agbo kò sí ni. Bóyá bébà cipro tán lọ́jọ́ yẹn. Bóyá wọ́n gbàgbé. Mo jẹ ẹ̀pà náà tán, mo ká bébà ọ̀hún sápò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni láàbù láti Mówè dé Ìbafò, àti ẹ̀yin ti Ìfọ̀: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ta àwọn rẹ́jísítà yẹn fún ẹlẹ́pà mọ́. WHONET kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín, kọ̀ǹpútà tí ẹ fi ń tẹ rìsíìtì lè gbé e, ẹ sì lè yọ orúkọ aláìsàn kúrò kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ẹ ra rúlà. Ẹ kọ nọ́ńbà tí ẹ bá rí, kí ẹ sì kọ orúkọ ìlú tí ẹni tó gbé ike wá ti wá, kódà bó bá jẹ́ Ìbógun. Bí ẹ bá wo ìdí bébà tí ẹ ò rí agbo kankan, ẹ má fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófo. Ẹ kọ mẹ́fà.